Ìrìn Àjò Ìmọ̀ sí Òkè Òkun: Ṣé A Lè Fi Irọ́ Lọ Wá Òótọ́?



Ọjọ́ Àìkú kan ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àsàlátù ní Àgùdà, àwọn ènìyàn sì ti ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan rọra fà mí lápá. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń lọ sí ilé kéú. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Tẹjúoṣó. Mo ti gbọ́ pé yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á wọlé láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn, mo sì ti ń múra láti bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tí à ń bá yọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ènìyàn bá yá owó, tí kò ná an, tó kàn gbé e sínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28, tó sì dá a padà fún olówó, ṣé irọ́ ni ènìyàn pa?"

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó pọ̀ nínú ohun tí mò ń kọ yìí, inú ọ̀sẹ̀ náà ni mo ti rò ó, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí ní Surulere, ní Yaba àti ní Mushin.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ẹni tí kò tíì kàn: ẹni tó bá fẹ́ gba físà akẹ́kọ̀ọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ tí òun kò tíì san, àti owó oúnjẹ òun ibùgbé tó lè tó ti oṣù mẹ́sàn-án. Owó náà gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra láìdín. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, tàbí ti òbí rẹ̀, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀; àkáǹtì ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni kò wọlé. Inú òfin yìí ni òwò kan ti jáde. Àwọn olówó wà tí iṣẹ́ wọn ni láti da owó sínú àkáǹtì ọmọ ọlọ́mọ, kí wọ́n jókòó ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì kó o padà nígbà tí ọjọ́ bá pé. Wọ́n á gba owó iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń gba káàdì báńkì lọ́wọ́ ọmọ náà, kó má baà fi ọwọ́ kan ohun tí wọ́n pè ní owó rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìwé ayédèrú kankan níbẹ̀. Báńkì gidi ni, owó gidi ni, gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé tí báńkì tẹ̀ jáde ló jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyí tí ọmọ náà fi ń bi mí. Ká ní ìwé ayédèrú ni, kì bá tí bi mí, ó ti mọ ìdáhùn. Ohun tó ń bi mí gan-an ni pé: ṣé a lè fi òótọ́ purọ́?

Ìtàn kan wà tí àwọn àáfà wa máa ń sọ fún wa ní ilé kéú, nípa ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tó ń kó hàdíìsì jọ. Ó rin ọ̀nà jíjìn lọ bá ọkùnrin kan tí wọ́n ní hàdíìsì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé, ó bá ọkùnrin náà níbi tó ti ń pe ẹṣin rẹ̀ tó já. Ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè bí ẹni pé oúnjẹ ẹṣin wà nínú rẹ̀. Ẹṣin wá. Kò sí nǹkan nínú aṣọ. Àlejò náà yí padà, kò gba ohunkóhun lẹ́nu rẹ̀, nítorí ẹni tó lè tan ẹran, kí ni yóò ṣe fún ènìyàn?

Ẹ wò ó dáadáa: ọkùnrin yìí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Aṣọ tó ká sókè, aṣọ gidi ni. Bí a bá gbé e lọ sí kóòtù, irọ́ wo ni a máa sọ pé ó pa? Síbẹ̀ ẹṣin náà gba ìròyìn kan, òfìfo sì ni ìròyìn náà. Owó ọjọ́ 28 jọ etí aṣọ yẹn.

Irọ́ kò dára lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe dókítà tàbí ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí ká mi lára jù nítorí iṣẹ́ tó yàn. Ẹ̀kọ́ nípa ìròyìn, níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kọ́, orí ìbéèrè yìí gan-an ló dúró lé. Ní 1976, àwọn olùkọ́ kan ní Yunifásítì Glasgow tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Bad News. Wọ́n ti gba ìròyìn tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, wọ́n sì yẹ ìròyìn nípa ìyanṣẹ́lódì wò fínnífínní. Wọn kò sọ pé àwọn oníròyìn hùmọ̀ irọ́. Ohun tí wọ́n fi hàn ni ẹni tí wọ́n bi léèrè àti ẹni tí wọn kò bi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún òṣìṣẹ́ àti èyí tí wọ́n lò fún ọ̀gá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń wò nílé á rò pé òṣìṣẹ́ ló fa gbogbo wàhálà. Stuart Hall, ọmọ Jàmáíkà tó kọ́ni ní Yunifásítì Birmingham, ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1970 pé ìṣẹ̀lẹ̀ kì í wọ inú tẹlifíṣọ̀n ní ìhòòhò. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìtumọ̀ wọ̀ ọ́ láṣọ. Edward Said, ọmọ Palẹ́sítínì, kọ Covering Islam ní 1981 láti fi hàn bí àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ṣe ń ròyìn àwa Mùsùlùmí, pàápàá lẹ́yìn ìyípadà ìjọba tó ṣẹlẹ̀ ní Iran ní 1979.

Ẹ̀dùn ọkàn wa nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Lójoojúmọ́ ni a ń ráhùn pé fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n mú nínú ẹgbẹ̀rún, wọ́n sì fi sọ pé bí a ṣe rí nìyí. Fọ́tò náà jẹ́ òótọ́. Ohun tí wọ́n fi ṣe ni irọ́. Ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ bí a ṣe ń já irú aṣọ òfìfo bẹ́ẹ̀, ṣé aṣọ òfìfo ni yóò ká sókè kó tó wọ bàálù?

Ẹ̀sìn wa kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Súrà Al-Hujurāt, ẹsẹ̀ 6, pàṣẹ fún wa pé ká wádìí ìròyìn kí a tó gbé ìgbésẹ̀ lórí rẹ̀, ká má baà ṣe àwọn ènìyàn níbi láìmọ̀. Jābir ọmọ Abdullāh, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, ra ràkúnmí, ó sì rin ìrìn oṣù kan lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù kí ó lè gbọ́ hàdíìsì kan ṣoṣo lẹ́nu Abdullāh ọmọ Unays tó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Oṣù kan gbáko nítorí ọ̀rọ̀ kan! Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí oníròyìn máa rìn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìpàdé tí a fi ń dágbére fún ẹni tó ń lọ òkè òkun, ẹnìkan á dìde, á ní Ànábì ní ká wá ìmọ̀ títí dé Ṣáínà. Àwọn onímọ̀ hàdíìsì ti yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò tipẹ́: Ibn al-Jawzī kà á mọ́ àwọn èyí tí wọ́n hùmọ̀, àwọn mìíràn sì ní àwọn tó gbà á wá kò ṣe é gbára lé. Èmi náà ti sọ ọ́ rí níwájú èrò, ojú sì ń tì mí.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, mo sọ èrò mi fún ọmọ náà. Kò gbà wẹ́rẹ́, inú mi sì dùn pé kò gbà wẹ́rẹ́. Oníròyìn tó ń gba ọ̀rọ̀ àgbà wẹ́rẹ́, kí ni a fẹ́ fi ṣe?

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Zik ńkọ́? Ṣebí ṣe ló sá wọ ọkọ̀ ojú omi." Ọmọ yìí kàwé. Òótọ́ ni pé kí Nnamdi Azikiwe tó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1925, ó ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti fara pamọ́ sínú ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn kò gbé e dé Amẹ́ríkà. Sekondi ni ìrìn náà parí sí, ní ilẹ̀ tó di Ghana lónìí, ó sì ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà sílé. Owó tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ló gbé e dé Storer College. Nígbà tó kàwé tán tó padà, ó dá ìwé ìròyìn West African Pilot sílẹ̀ ní 1937, ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ sì wà ní Yaba níbí, kò jìnnà sí ibi tí ìyá ọmọ náà ti ń tajà. Mo ní kó lo Zik bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó lò ó tán.

Ó tún ní òfin náà fúnra rẹ̀ ni kò tọ́. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí wọn kì í sábà béèrè irú ìwé yìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Àwa kò sí lára wọn. Ó ń dunni. Ẹni tí òfin bá ni lára lè bá a jà ní gbangba, ó lè kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, ó lè gba ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ wa kì í dun òṣìṣẹ́ tó jókòó sí ẹ́ḿbásì. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ ní tòótọ́, tó kó owó gidi sílẹ̀, ni wọ́n á wá máa wò bí ẹni tó ń purọ́, nítorí àwa ti kọjá níwájú rẹ̀.

Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Ìyẹn ni n kò fi àkókò ṣòfò lé lórí.

Ìbéèrè kan ni mo ní kó lọ fi wọn owó náà wò: tí àìsàn bá kọlù ọ́ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ṣé o lè mú owó yìí ra oògùn? Tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ bá ti fi í ta ọ́ lọ́rẹ pátápátá, o lè ná an; tìrẹ ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Tí ìyá rẹ bá gba àjọ rẹ̀ tó kó o sí àkáǹtì, owó ìyá rẹ ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló di káàdì rẹ̀ mú, o kò ní owó, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ni àwòrán owó.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí dá àwọn tí nǹkan yí mọ́ lọ́wọ́ lẹ́bi. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba jẹ́ kí náírà máa fò lọ fúnra rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tó wà ní bíi ₦460 ti kọjá ₦1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìròyìn jáde pé Yunifásítì Teesside ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan tí kò lè san owó wọn bó ṣe yẹ, wọ́n sì ní kí wọ́n máa padà sílé. Ẹni tí owó rẹ̀ wà tí afẹ́fẹ́ wá gbé e lọ, àánú rẹ̀ ló yẹ kó ṣe wá. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ẹni tí kò ní nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀, tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá lọ́hùn-ún.

Ó kù kí n sọ ti ara mi, n kò sì fẹ́ sọ ọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi fúnra mi da irú owó bẹ́ẹ̀ sínú àkáǹtì ọmọ ìbátan mi kan. N kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀; mo pe ara mi ní olùrànlọ́wọ́. Físà jáde. Ó lọ, ó kàwé, ó yege. Ẹ ti lè máa retí pé kí n sọ pé àṣírí tú, pé wọ́n fi òfin dè é kúrò ní ìlú fún ọdún 10, nítorí òfin wọn fàyè gba ìyẹn fún ẹni tí wọ́n bá mú pé ó fi ẹ̀tàn wá físà. Kò sí ẹni tó mú un. Iṣẹ́ ìròyìn ló ń ṣe báyìí, ọwọ́ rẹ̀ sì dá múṣémúṣé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó pè mí lórí fóònù. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń yá owó fi gba físà. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà tó o ní gbogbo ilé iṣẹ́ wọn: ó mọ ìyà tó ń lé àwọn ọmọ yìí síbẹ̀, ó mọ àwọn tó ń jẹ èrè rẹ̀. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ara òun kò yá. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn tí kò mọ Èkó rí, ẹni yẹn sì kọ ọ́ bí ẹni pé olè ni gbogbo wa. Ọmọ wa tó wà níbẹ̀, tó lè sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹnu rẹ̀ ti dí. Owó mi ni mo fi dí i.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí yíyan ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ yìí ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. A ó kọ́kọ́ yan ilé ẹ̀kọ́ tí agbára wa kò ká, lẹ́yìn náà ni a óò máa wá ọ̀nà tí yóò gbé wa dé ibẹ̀. Ta ló sì máa ń bá wa yàn án? Éjéǹtì. Púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì òkè òkun ló ń san owó fún éjéǹtì lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá mú wá. Kò túmọ̀ sí pé òpùrọ́ ni éjéǹtì, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ rẹ̀, ẹnìkan ti san owó rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe ẹ̀kọ́ méjì tí kò jọ ara wọn. Àwọn kan ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìròyìn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́: bí a ṣe ń wá ìròyìn, bí a ṣe ń kọ ọ́, bí a ṣe ń gé fíìmù, òfin ìbanilórúkọjẹ́. Cardiff ti ń fi èyí kọ́ àwọn tó ti gba oyè àkọ́kọ́ láti 1970. City ní London, tí wọ́n ń pè ní City St George's láti 2024, gbajúmọ̀ nídìí rẹ̀. Columbia ní New York ti bẹ̀rẹ̀ láti 1912. Àwọn kejì ń kọ́ni láti yẹ ìròyìn wò, bíi ti àwọn ará Glasgow tí mo mẹ́nu bà. Leicester wà lára àwọn àgbà nídìí ìwádìí yìí, láti 1966. Mo ti rí ọmọ tó fẹ́ di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó lọ lo ọdún kan lórí ìwé kíkà láìfọwọ́ kan maikirofóònù. Ẹ ka àkọsílẹ̀ àwọn kọ́ọ̀sì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má wo fọ́tò ilé ńláńlá. Ẹ wá ọmọ Nàìjíríà kan tó ti parí níbẹ̀, ẹ bi í ní ohun tó ń ṣe báyìí.

Ìlú òyìnbó nìkan kọ́ sì ni òkè òkun. Northwestern ti Amẹ́ríkà ní ẹ̀ka kan ní Doha, ní ilẹ̀ Qatar, láti 2008, iṣẹ́ ìròyìn àti ìbánisọ̀rọ̀ ni wọ́n dìídì ń kọ́ níbẹ̀. Yunifásítì Ìsìláàmù tó wà ní Màléṣíà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀. Accra tó sún mọ́ wa yìí, Kwame Nkrumah dá ilé ẹ̀kọ́ ìròyìn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1959. Ó ti di ara yunifásítì kan tí wọ́n ń pè ní UniMAC. Ní ti owó ìrànwọ́, Chevening máa ń san gbogbo owó ọdún kan fún oyè másítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún bí ọdún méjì. Türkiye Bursları náà ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ibùgbé àti owó oṣù ní Tọ́kì. Ẹni tó bá gba Chevening ti ṣèlérí pé òun yóò padà wá lo ọdún méjì nílé. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bi ara yín bóyá ẹ ní i lọ́kàn láti padà, nítorí àmáánà ni. Ti ẹ̀yáwó elélé tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ẹ ti mọ ohun tí a ń pe èlé. Ìjọba wa dá ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní èlé sílẹ̀ ní 2024, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nílé nìkan ló wà fún.

Ilé náà kò sì ṣófo. Akoka, tó jẹ́ ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ sí Àgùdà, ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ yìí láti 1966. Lateef Jakande wọ ilé iṣẹ́ Daily Service ní 1949, ó ti ibẹ̀ lọ sí Tribune, inú yàrá ìròyìn ló ti kọ́ iṣẹ́ tó mú un di àgbà oníròyìn kó tó di gómìnà Èkó ní 1979. Duse Mohamed Ali, Mùsùlùmí bíi tiwa, ti ṣe ìwé ìròyìn ní London láti 1912, ṣùgbọ́n Èkó ló wá dá The Comet sílẹ̀ sí ní 1933, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1945. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Dele Giwa lọ, ó gba oyè ní Brooklyn College ní 1977, ó padà wá, a sì mọ ohun tó fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe kí bọ́ǹbù inú àpòòwé tó pa á ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1986.

Ẹ̀yin arábìnrin mi, n kò gbàgbé yín. Ọ̀rọ̀ bí obìnrin ṣe ń dá rìn àti ti hìjáábù ní ilẹ̀ àjèjì pọ̀ ju ohun tí mo lè fi ìsàlẹ̀ ewé yìí sọ. Ìbéèrè ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n kàn yín bó ṣe kan àwọn ọkùnrin.

Ní Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà mú ìwé pélébé kan wá. Ó ti kọ "ọdún tó ń bọ̀" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún fi àmì ìbéèrè sí i. Ó kọ Accra àti Akoka sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú iye owó wọn. N kò mọ èyí tí yóò yàn, òun náà kò sì sọ fún mi. Ohun tó bi mí ni iye tí wọ́n ń gbà láti Mile 2 dé Seme.